Ta Ni Yóò Ki Oníṣọ̀nà ní Dallas?

Lára àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Dallas Museum of Art, ní àárín ìgboro Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, ère igi kan wà níbẹ̀: obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n lọ́wọ́, àwọn ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Olúmẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe irú ère bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó ṣe ẹmẹsẹ̀ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, tó gbẹ́gi fún àwọn ọba ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Àkúrẹ́, tó sì jáde láyé ní 1938.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ àwọn baba wa ló gbé orúkọ oníṣẹ́ dé òkèèrè. Ní ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù, "Yorùbá" nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ ère, bí ẹni pé odidi ìran kan ló jókòó ti igi kan ṣoṣo. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò rì, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dákẹ́ kíkì í. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-Ifún Ọlọ́wẹ̀, ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọnà wa. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwé tí Roslyn Walker kọ lórí Ọlọ́wẹ̀ jáde. Walker yìí kan náà ló wá di alábòójútó iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní mùsíọ́mù Dallas.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí àwọn ọmọ wa tó ń gbé Dallas àti àwọn ìlú tó yí i ká, Arlington, Garland, Plano, Richardson, tí wọ́n ń yàwòrán, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n ń pa àdìrẹ, tí wọ́n sì fẹ́ máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi ènìyàn ni pé orí sáìtì wo ni kí àwọn ti máa tà. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣáájú. Èyí tó ṣáájú ni pé: iṣẹ́ tí ààfin ṣe fún Ọlọ́wẹ̀, àti èyí tí ìyàwó rẹ̀ ṣe, ta ni yóò ṣe é fún ẹ̀yin?

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí fún un. Ọlọ́wẹ̀ kò polówó ọjà. Ọba ló ń ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ààfin ni ó ń gbé, ààfin ló ń bọ́ ọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tí yóò lo iṣẹ́ náà wà lójú kan, igi wà nílẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọ ààfin ni yóò rí òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí yóò sì béèrè ẹni tó ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, iyì rẹ̀ àti ẹni tó ń ròyìn rẹ̀, ìlú ti pèsè wọn sílẹ̀ kí ó tó gbé àáké.

Ní Òṣogbo, nǹkan yí padà díẹ̀. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ bíi Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Twins Seven-Seven bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọba tàbí ti òrìṣà. Àwọn tó ń rà á jẹ́ àjèjì, Beier ló sì ń mú wọn mọ oníṣẹ́. Nike Davies-Okundaye gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìpàtẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, lẹ́yìn náà ló kọ́ gálárì ńlá sí Lẹ́kí ní Èkó. Kò dúró de ẹni tí yóò mú oníbàárà wá, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọ̀nà tí obìnrin yìí là ni ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì fi gùn sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Oak Cliff ní Dallas lè tajà fún ẹni tó wà ní Seattle. Ṣùgbọ́n kò sí ààfin níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kini lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ di ọrùn oníṣọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì. Ẹni tó wà ní Seattle kò lè fọwọ́ kan aṣọ àdìrẹ yín, kò lè sún mọ́ kánfáàsì kí ó rí bí ọ̀dà ṣe nípọn. Ohun méjì péré ló ní: fótò àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣọ̀nà máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fipá mú: "àwòrán Áfíríkà tó rẹwà gan-an". Akéwì kankan kò jẹ́ ki ènìyàn báyìí. Ẹni tó mọ oríkì kì í sọ pé ẹni tí òun ń kì dára, kí ó wá dákẹ́. Yóò dárúkọ ìlú rẹ̀, yóò dárúkọ òbí rẹ̀, yóò sọ ohun tó ṣe tí ẹlòmíràn kò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yín rí. Tó bá jẹ́ ìyá alákàrà ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni ẹ yà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi yà á, ìwọ̀n rẹ̀ ní ínǹṣì, ọdún tí ẹ yà á, bóyá férémù wà lára rẹ̀ àbí kò sí, bóyá ojúlówó ni àbí àdàkọ. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ẹ sọ pé láfún ni ẹ fi kọ ọnà rẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pe ọnà náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ta ni yín àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti kọ́ṣẹ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ ni oníbàárà fi ń wá ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Etsy, fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìwáǹkan mẹ́tàlá ni wọ́n gbà kí ẹ so mọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lo gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá fún "Áfíríkà" àti "ẹwà" ti wọ àárín ọ̀pọ̀ èrò, kò sí ẹni tí yóò rí i. Ẹni tó kọ "Yorùbá", "Ìbàdàn", "àdìrẹ" àti "aró" ni ẹni tó ń wá nǹkan wọ̀nyí yóò bá pàdé.

Fótò náà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ti ń wọlé, ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàn sí i tààrà, ẹ sì dúró gangan níwájú rẹ̀ kí igun rẹ̀ má baà wọ́. Ẹ ya gbogbo rẹ̀, ẹ ya ibi tí ọwọ́ yín hàn jù, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ tún ya òmíràn níbi tí ó ti kọ́ sára ògiri lókè àga, kí oníbàárà mọ bó ṣe tóbi tó. Aró máa ń ṣòro: tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, dúdú ni yóò jọ lójú fóònù. Oníbàárà tó rò pé dúdú lòun rà, tí búlúù sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò dá a padà, owó ọkọ̀ yóò sì bọ́ sí yín lọ́rùn.

Owó ló kàn. Nílé, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ni ìdúnàádúrà jẹ́. Ẹni tó ń tà mọ̀ pé iye tí òun kọ́kọ́ pè kọ́ ni òun yóò gbà, ẹni tó ń rà náà mọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹ kọ ni iye tí ẹ pè, òun náà ni wọn yóò san. Nítorí náà, ìṣirò gbọ́dọ̀ ti parí kí ẹ tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Amẹ́ríkà máa ń fi ìwọ̀n ṣe é: wọn yóò sọ gígùn di púpọ̀ lọ́nà ìbú, wọn yóò sì fi iye kan lé ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Kánfáàsì ínǹṣì 16 sí 20 jẹ́ 320; tí ẹ bá fi dọ́là kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, $320 nìyẹn. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé kò sí oníbàárà tí yóò sọ pé ẹ wojú òun kí ẹ tó dá iye.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí ọjà náà ń gbà. Ká ní ẹ ta àwòrán $200 lórí Etsy fún ẹnì kan tó ń gbé Dallas níbí, ẹ sì gba $20 fún ìfiránṣẹ́. Etsy yóò gba sẹ́ǹtì 20 fún pípa ọjà náà tẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Yóò gba ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $220, ìyẹn $14.30. Yóò tún gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àti sẹ́ǹtì 25 lórí gbogbo owó tó gba orí káàdì kọjá, títí kan owó orí ọjà ti ìjọba, ìyẹn bíi $7.39. Lápapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé $22. Tí ẹ bá san $20 tí ẹ gbà fún ìfiránṣẹ́, nǹkan bíi $178 ló kù, ẹ kò sì tíì yọ owó ọ̀dà àti kánfáàsì. Ìdá 5 ni 6.5 yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kún un ní April 2022, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wọn fún ọ̀sẹ̀ kan láti fi ẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Ẹ fi wé àwọn yòókù. Saatchi Art ń gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Gálárì tó ní ilé àti ògiri sábà máa ń gba ìdajì. Ẹni tó bá dá sáìtì tirẹ̀ sílẹ̀ yóò san owó sáìtì lóṣooṣù, yóò sì san nǹkan bíi ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún àti sẹ́ǹtì 30 fún àwọn tó ń gba owó orí káàdì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá èrò. Mi ò rí ìrẹ́jẹ nínú kí gálárì gba ìdajì tó bá ń ṣe iṣẹ́ ààfin: tó ń gbàlejò, tó ń dárúkọ oníṣọ̀nà fún ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó ń dúró tì í lọ́dún tí ọjà kò tà. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa nípa gbogbo owó tí a ń san ni pé, èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń bá wa ṣe?

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀, kò sì yẹ kí ó bá ẹnikẹ́ni lójijì. Owó orí ọjà ní Dallas jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Texas ló ni 6.25 nínú rẹ̀, ìlú Dallas ní 1, DART tó ń wa bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ní 1. Láti ọjọ́ kìíní oṣù October 2019, òfin Texas ti ní kí àwọn ọjà bíi Etsy máa gba owó yìí lọ́wọ́ oníbàárà, kí wọ́n sì máa san án fún ìjọba fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ta iṣẹ́ lórí sáìtì tiyín, tàbí lábẹ́ àtíbàbà níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà, ẹ̀yin ni ẹ óò gbà á. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Texas Comptroller, ọ̀fẹ́ ni. Owó náà kì í ṣe tiyín, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé. Tí ẹ bá ń tajà lórúkọ mìíràn tó yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ yín, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ County Clerk.

Texas kì í gba owó orí lórí ohun tó ń wọlé fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ń gbà á. Yàtọ̀ sí owó orí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń san, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí èrè rẹ̀ tó $400 lọ́dún, yóò san nǹkan bíi ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà fún ètò ìfẹ̀yìntì àti ìlera àgbà. Èrè ni mo wí, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ̀dà, kánfáàsì, páálí, ìfiránṣẹ́ àti gbogbo ohun tí Etsy yọ. Rìsíìtì tó sọnù di èrè tí ẹ kò jẹ, ẹ ó sì san owó orí lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn títà, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé láyọ̀. Ooru Dallas lágbára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú ọkọ̀ ìfiránṣẹ́ sì tún gbóná ju ìta lọ. Ọ̀dà acrylic máa ń rọ̀ nínú ooru. Tí ẹ bá fi ọ̀rá oníbọ́lù wé e ní tààrà, ojú bọ́lù náà yóò tẹ̀ sára àwòrán. Bébà glassine ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bò ó, kí ọ̀rá tó tẹ̀lé e. Ẹ má fi gíláàsì ránṣẹ́ nínú férémù, pálásítíìkì mímọ́ gaara ló dára. Ẹ ya fótò bí ẹ ṣe dì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ṣe adójútòfò rẹ̀ ní iye tó yẹ, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i tí iṣẹ́ náà bá wọ́n, nítorí àwọn olè máa ń gbé ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀tọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Ọba ló ni ilẹ̀kùn, ọba ló gba àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin Amẹ́ríkà rí lónìí: ẹni tó ra kánfáàsì yín ní $200, tó tà á ní $20,000 lọ́la, kò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Òfin Nàìjíríà fún oníṣọ̀nà ní ìpín nínú irú títà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà kò fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní Dallas gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tà á. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1971, Seth Siegelaub àti agbẹjọ́rò Robert Projansky ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní New York, tó ní kí oníṣọ̀nà gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún èrè tí ẹni tó tún un tà bá jẹ.

Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí òfin fi sílẹ̀ fún yín gbọnyin. Ẹni tó ra àwòrán kò ra ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Kò lè tẹ̀ ẹ́ sára ife tàbí aṣọ kí ó máa tà á, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé fún un. Ẹ̀tọ́ náà jẹ́ tiyín láti ìgbà tí ọwọ́ yín kúrò lára iṣẹ́, yóò sì wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú yín, ogún ọmọ ni. Ẹ lè forúkọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Washington ní $45. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ẹ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kò lè gbé olè rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ yìí kan náà ló jẹ́ kí ẹ lè ta àdàkọ: ojúlówó kan ní $900, àádọ́ta àdàkọ ní $40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ fi nọ́ńbà sí, tí ẹ sì fọwọ́ sí. Bruce Onobrakpeya fi iṣẹ́ títẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ ga láti Nàìjíríà dé gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé àádọ́ta ni, ẹ má tẹ ìkọkànléláàádọ́ta láéláé. Ọ̀rọ̀ yín ni ẹni tó rà á gbà gbọ́.

Ohun tó kù ni bí ẹ ṣe máa ní oníbàárà tí kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Laolu Senbanjo, ọmọ Ìlọrin tó fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀, kó lọ sí New York ní 2013. Ó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sójú Instagram, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa orí àti ogún Yorùbá tó wà nínú ọnà rẹ̀ láìtijú. Ní 2016, ọnà tó fi ọ̀dà funfun kùn sára àwọn tó wà nínú fíìmù orin Lemonade ti Beyoncé ti kárí ayé. Instagram wúlò, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Wọ́n lè yí òfin padà lóru. Ẹ máa gba ímeèlì ẹni tó bá ra nǹkan àti ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan, kí ẹ máa kọ̀wé sí wọn tí iṣẹ́ tuntun bá jáde. Dallas dára fún èyí. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ń wáyé ní Deep Ellum nígbà ìrúwé, Cottonwood Art Festival ń wáyé ní Richardson lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, African American Museum wà ní Fair Park, àwọn ìjọ wa àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ń pàdé káàkiri. Ẹni tó bá bọ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé lè padà wá ra nǹkan lórí sáìtì yín ní oṣù mẹ́fà sí i.

Iṣẹ́ yìí pọ̀ fún ẹnì kan, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwa tí a kì í yàwòrán náà dìde. Ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ igi; ó mọ orúkọ, ó mọ ìtàn, ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè. Tí ẹ bá ra iṣẹ́ ọmọ wa kan, ẹ san iye tó kọ, ẹ má ní kí ó fi ṣe ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún náà sí ẹ̀yìn férémù. Nígbà tí àlejò bá sì wọ pálọ̀ yín, tó ní ògiri yín dára, ẹ dárúkọ oníṣọ̀nà náà fún un, kí ẹ sì sọ ibi tí yóò ti rí i rà.